Obìnrin Tó Ní Kí Wọ́n Pa Máàkì Òun Rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógójì wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí mo ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí mo sì ń tún un tò láìsí ìwé tí mo kà, láìsí olùkọ́ kankan tó fi pàṣán kọ́ mi. Bí mo bá di ojú mi méjèèjì, mo lè sọ iye táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ lára ọkọ̀ tó ń sáré kọjá lójú títì. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi nílé. Àmọ́ ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, obìnrin tí gbogbo yáàdì wa mọ̀ sí Eléti Ehoro.

Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ń lẹ táyà ní igun òpópó kan, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ṣe máa ń ṣe nìyí: wọ́n á fẹ́ tíúbù, wọ́n á rì í bọ omi, ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Ọmọdébìnrin yìí ò nílò omi. Á gbé tíúbù sí etí, á máa yí i díẹ̀díẹ̀, á ní, "Bàbá, ibí ni." Ẹ̀gbọ́n mi á tún rì í bọ omi torí kò gbà gbọ́, omi á sì hó lábẹ́ ìka ọmọ náà gan-an. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lókè òpópó, ó ní táyà ọkọ̀ kan nísàlẹ̀ òpópó ń jò. A sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Ó ń jò lóòótọ́. Ẹ lè sọ pé mo bù mọ́ ọn. Mi ò bá yín jà.

Nígbà tó dàgbà, tó lọ́kọ, tó ti bí àkọ́bí rẹ̀, mo mú un wá sí yáàdì tí mo ti ń wakọ̀. Wọ́n fún un ní rọ́bà omi àti búrọ́ọ̀ṣì tí igi rẹ̀ gùn, wọ́n ní kó máa fọ ọkọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi fọ̀ ọ́. Bó bá fọ ọkọ̀ tán, òun náà ló ń wà á lọ síbi tí wọ́n ń tò wọ́n sí, ó ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá wọ àárín méjì mìíràn, tí àyè tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ò gba ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn awakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ á dúró máa wò ó, wọ́n á lanu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni agbára rẹ̀ mọ. Kò níwèé àṣẹ ọkọ̀ ńlá, kò sì gbọdọ̀ gbé táyà kan kọjá síta.

Ìdánwò ìwé àṣẹ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é ní iléeṣẹ́ wa. Òfin kan sì wà lórí ògiri ọ́fíìsì: ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún ò lè ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ́. Ìdánwò kan bọ́ sígbà tí oyún rẹ̀ kejì wà nínú oṣù kẹsàn-án. Ìkejì bọ́ sígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, òun nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ìkẹta yìí dé, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kó pé ogójì. Ọjọ́ mẹ́rin! Bí èyí bá fi lè bọ́, búrọ́ọ̀ṣì ló máa tẹ̀ lé e dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Kí n tó dé ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n fi búrèkì ọkọ̀ ńlá yé yín, torí inú ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ ló ń di táyà mú bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dúró. Irọ́ gbuu! Sípíríngì ló ń dì í mú. Sípíríngì kan báyìí, tó ki bí ọrùn ọwọ́ mi, tí wọ́n fún pọ̀ sínú agolo irin lẹ́yìn táyà. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé ni kó nà, kó sì fún táyà pa. Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni láti tì í sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ẹ fi wé ajá burúkú tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so. Sípíríngì ni ajá, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀wọ̀n. Bí rọ́bà bá bẹ́ lójú ọ̀nà, bí táǹkì afẹ́fẹ́ bá lu, ẹ̀wọ̀n já nìyẹn, ajá á sì dì mọ́ táyà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ronú kan ẹ̀rọ yẹn, ọlọ́gbọ́n ni. Èmi náà ì bá ronú kàn án bí wọn ò bá ti ṣáájú mi.

Bọ́tìnnì kan tó rí bí olú wà níwájú awakọ̀. Tì í wọlé, afẹ́fẹ́ á wọ ibi sípíríngì, ọkọ̀ á lè rìn. Fà á jáde, búrèkì á mú. Àrà tó wà ńbẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ inú táǹkì bá lọ sílẹ̀ jù, bọ́tìnnì yẹn á fò jáde fúnra rẹ̀, paa! Ohun tí wọ́n sì ń bi awakọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò nìyẹn. Á pa ẹ́ńjìnnì, á ti bọ́tìnnì wọlé, á máa tẹ búrèkì léraléra títí afẹ́fẹ́ á fi tán, títí bọ́tìnnì á fi fò jáde, tí sípíríngì á sì gé táyà jẹ.

Ní yáàdì tiwa, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu! Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹnì kan ṣe é lóòótọ́, búrèkì mú láàárín yáàdì, afẹ́fẹ́ kọ̀ láti padà, ọkọ̀ dúró bí òkè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọ̀gá àgbà ò sì rí ọ̀nà gbé mọ́tò rẹ̀ jáde. Ojú ti Fọ́máànù wa débi pé ó wà nílé fún ọjọ́ méjì. Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ọ́ di àṣà: awakọ̀ á gun ọkọ̀, á ka ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ iléèwé, "Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnnì fò jáde," wọ́n á sì fún un ní máàkì.

Ọkọ̀ ìdánwò yẹn ńkọ́? Ìyàwó tuntun ni. Fọ́máànù ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé ẹrù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àní Eléti Ehoro tó ń fọ gbogbo ọkọ̀ yòókù ò fọ ọ́ rí. Ó ti fi fèrè ńlá mẹ́ta sórí rẹ̀, irú tí ọkọ̀ ojú omi ń fun. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, bó ṣe gbé e jáde, ó fun fèrè náà. Ẹ gbà mí gbọ́, fìlà mẹ́tàdínlógún ló ṣí lórí àwọn ènìyàn, fèrèsé ọ́fíìsì mì, àgbàlagbà kan lójú títì sì wó jókòó.

"Ìyẹn ni kí ẹ fi mọ̀ pé ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀," Fọ́máànù ní, inú rẹ̀ ń dùn, ikùn rẹ̀ ń jó.

Àwọn méjìlá ni wọ́n tò. Ọkùnrin mọ́kànlá, Eléti Ehoro lẹ́yìn pátápátá. Ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe bàtà ti lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi le bíi páálí. Èmi ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, wọn ò fẹ́ jẹ́ kí n wọlé, mo wá fo ògiri. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ògiri náà ga jù mí lọ, mo fò ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Olùdánwò tí wọ́n rán wá láti olú-iléeṣẹ́ jókòó sábẹ́ òjìji pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì àti pẹ́ńsùlù. Ọkùnrin tíńrín ni, kì í rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, wọ́n á ṣe ti afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á wakọ̀ jáde lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iléèwé. Ọ̀kan gùn, ó kà á. Ìkejì gùn, ó kà á. Gbogbo mọ́kànlá kà á, olùdánwò ń fi pẹ́ńsùlù sàmì láì gbé ojú sókè.

"Nọ́ńbà kejìlá!"

Ó gùn ún. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ kó tó jókòó. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé kí n sọ ọ́ ni àbí kí n ṣe é?"

Olùdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé ojú sókè. "Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ìyàtọ̀ wà, sà. Èèyàn lè sọ pé òun ti jẹun, kí inú rẹ̀ sì ṣófo."

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Gígùn torí orúnkún rẹ̀ máa ń kan ìdarí ọkọ̀, kígbe pé, "Àǹtí, ẹ sọ ọ́ ká máa lọ, ebi ń pa wá!"

"Bébi bá ń pa ẹ́, fá ìka ẹ lá."

"Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o ṣe," olùdánwò ní.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ti bọ́tìnnì wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ búrèkì. Fíìsì! Fíìsì! Ọwọ́ géèjì tó ń ka afẹ́fẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí mẹ́rin, ó di mẹ́ta, gbogbo wa na ọrùn, kò pẹ́ ó dé méjì, paa! Bọ́tìnnì fò jáde bí àgbàdo tó bú nínú ìkòkò. Àtẹ́wọ́ sọ! Èmi ni mo kọ́kọ́ pa tèmi. Olùdánwò fi ètè kan pẹ́ńsùlù, ó sàmì sí i: ó yege.

Eléti Ehoro ò sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ ọrùn yẹn láti ìgbà tó ti ń gbé tíúbù sétí.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Kí lẹ gbọ́?"

"Bọ́tìnnì la gbọ́," Fọ́máànù yára dáhùn. "Ó ti fò. Sọ̀ kalẹ̀."

"Èmi náà gbọ́ bọ́tìnnì. Mi ò gbọ́ sípíríngì. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ ọkọ̀ bá mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kó dún gbì, ó yẹ kí àga yìí mì. Ìdí mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Àwọn ọkùnrin tún rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo sì mọ ohun tó máa ná an. Mo wò ó lójú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo fi ìka lé ètè. Ẹ má bínú sí mi. Máàkì ti wà nínú ìwé. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Àgbàlagbà tó bá rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbáyọ, ṣé á ní kó padà?

Ó rí ìka mi. Ó gbójú kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa máàkì mi rẹ́. Ọkọ̀ yìí ò ní búrèkì tó lè gba èèyàn là."

Ha! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ju òkúta sínú ilé oyin. Fọ́máànù ní, "Ṣé orí ẹ pé?" Ẹsẹ̀ Gígùn ní, "Ẹ gbà wá o!" Olùdánwò gbé kọ́ọ̀pù tíì sílẹ̀. "Ìyá, ṣé ó yé ọ? Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo yín lò. Bí mo bá pa tìrẹ rẹ́, mo máa pa ti gbogbo wọn rẹ́."

"Ó yé mi, sà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ máa kó wa lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iléèwé níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ sì máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mejìlá."

Olùdánwò wo ọkọ̀ náà. Mo rí i tó ń ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn. "Fi hàn mí," ó ní.

"Kí gbogbo èèyàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

Ó yọ àwọn igi tó ń dènà táyà. Ó fa bọ́tìnnì láti fi hàn pé ó ṣì wà níta. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó fi sí jíà kìíní, ó tú ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bí sípíríngì bá mú táyà lóòótọ́, ọkọ̀ ìbá tàkìtì níwájú, ẹ́ńjìnnì ìbá kú. Kò tàkìtì. Ó rọra yọ bí ọṣẹ lórí táìlì! Ọkọ̀ tó ga tó ilé, búrèkì rẹ̀ wà ní mímú, ó ń rìn lọ, ó ń gba ìdàgẹ̀rẹ́ yáàdì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu géètì, kò sì sí afẹ́fẹ́ nínú táǹkì tó lè fi dá a dúró. Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-yà-fún-mi. Fọ́máànù sáré! Mi ò mọ̀ pé ó lè sáré. Kọ́ọ̀pù tíì ń fò, àga ń yí. Eléti Ehoro nìkan ni ò pariwo. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì sínú jíà, jíà sì gbé táyà mú, kìríkìrí, kìríkìrí, gbà! Imú ọkọ̀ dúró gẹ́rẹ́ nínú ẹnu géètì, ìdajì nínú, ìdajì níta. Àyè tó ṣẹ́kù láàárín rẹ̀ àti òpó géètì, ẹ ò lè ki ìwé pélébé bọ̀ ọ́.

Ó yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ rí i, sà?"

Olùdánwò ń gbá eruku aṣọ rẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó pa máàkì méjìlá rẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń pa kòkòrò. "Ìdánwò ti parí," ó ní. "Kò sí ọkọ̀ mìíràn. Mo máa kọ̀wé sí olú-iléeṣẹ́. Ó di ọdún mẹ́ta."

Ọdún mẹ́ta. Mo gbára lé ògiri. Àwọn ọkùnrin yìí, tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ikú, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó jí oúnjẹ wọn.

"Aago mélòó lẹ ń ṣíwọ́, sà?" ó bèèrè.

"Mẹ́rin."

"Aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ẹ fún mi dí mẹ́rin."

"Kó o ṣe kí ni?"

Ó ti ki igi mọ́ táyà, ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ọkọ rẹ̀ lọ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀: "Ọlọ́run ò! Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, ó gbọ́n gan-an!"

Mo wólẹ̀ lọ wò ó. Irin gígùn ló wà lẹ́yìn agolo kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fún mọ́ ọn pinpin. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ irin yẹn. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ò sí, tí wọ́n fẹ́ wọ́ ọ lọ, irin yẹn ni wọ́n fi ń fa sípíríngì sẹ́yìn. Tí wọ́n bá délé, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u. Ẹni tó fi í sílẹ̀ ti di ajá lẹ́nu, ó sì ń sọ fún olè pé kó máa bọ̀.

Gbogbo wa yíjú sí Fọ́máànù.

"Kí ló dé tí ẹ ń wò mí?" ó ní, òógùn bò ó. "Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ yẹn ń jò! Mo wá ibi tó ti ń jò títí, mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà abẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń jò. Ṣé kó tún dúró lójú ọ̀gá àgbà lẹ́ẹ̀kejì ni? Torí ìdánwò nìkan ni mo ṣe dì í!"

"Torí ìdánwò búrèkì lẹ ṣe so búrèkì," Ẹsẹ̀ Gígùn ní. "Ẹ kú làákàyè o, Fọ́máànù."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa.

Eléti Ehoro tú wọn. Sípánà gígùn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bó ṣe tú ìkẹrin, ọkọ̀ náà gbọn rìrì, gbì! Ilẹ̀ gbọ́, ẹsẹ̀ mi gbọ́, ẹyẹ fò lórí òrùlé ilé ẹrù. Ajá ti gbé táyà hán! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gun ọkọ̀ náà lẹ́yìn. Ìgbà náà ni olùdánwò wá rí i pé mọ́tò tòun wà nínú yáàdì, ọkọ̀ sì di ẹnu géètì pa.

"Mi ò lè jáde?" ó bèèrè.

"Ẹ ò lè jáde, sà," ó dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. "Àfi tí mo bá rí ibi tó ti ń jò."

Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ń gun òkè, ó dé mẹ́rin, ó takú. Ó pa á. Mẹ́rin di mẹ́ta lójú wa. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wo rọ́bà ọwọ́ òsì. Rárá, táǹkì ni. Táǹkì kọ́, èmi mọ̀ ọ́n.

"Ẹ dákẹ́!" ó ní.

Wọn ò dákẹ́.

Mo gun àga olùdánwò, mo fi ohùn tí mo fi ń pe ọmọ lókè odò pariwo: "Ọmọ mi ní kí ẹ dákẹ́!"

Yáàdì pa rọ́rọ́. Ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì lọ irin nínú ṣọ́ọ̀bù dá a dúró. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Obìnrin náà di ojú, ó ń rìn yí ọkọ̀ ká bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú ilé àjèjì. Ó dé ibi táǹkì, ó kọjá. Ó dé ibi rọ́bà tuntun tí Fọ́máànù pààrọ̀, ó kọjá. Ó dé iwájú, ó dúró, ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Lójijì, ó la ojú, ó gbé e sókè, òkè pátápátá.

"Fọ́máànù," ó ní jẹ́jẹ́, "níbo ni fèrè yín ti ń rí afẹ́fẹ́ mu?"

Fọ́máànù náà gbé ojú sókè wo fèrè.

Inú táǹkì búrèkì ni. Ọkùnrin náà ti lu táǹkì, ó fa rọ́bà tíńrín gba ẹ̀yìn ilé awakọ̀ lọ sókè orí, kí fèrè rẹ̀ lè dún bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Òkè ibẹ̀ ló ti ń jò láti ọdún mẹ́fà, nígbà tí gbogbo ayé ń wá a lábẹ́. Fáàrí ló ń mu búrèkì!

Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó já rọ́bà fèrè kúrò, ó fi bóòtì kékeré kan dí ojú ihò lára táǹkì, ó fún un. Ó ṣáná. Gbogbo wa rọ́ mọ́ fèrèsé ọkọ̀ láti wo géèjì. Mẹ́rin! Márùn-ún! Mẹ́fà! A ń kà á bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìkúùkù níbi ìjà. Méje! Mẹ́jọ! Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ géèjì dúró síbi tó wà, kò yẹ̀.

Olùdánwò wo aago rẹ̀. "Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí n ṣíwọ́. Kò lè tó èèyàn méjìlá. Ẹnì kan ni mo lè dán wò, lẹ́sẹẹsẹ bí orúkọ yín ṣe tò." Ó tẹ ìka mọ́ ìwé. "Nọ́ńbà kìíní."

Ẹsẹ̀ Gígùn ni nọ́ńbà kìíní! Géńdé náà jáde síwájú, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wo ọkọ̀, ó wo Eléti Ehoro tí gírísì ti sọ di ẹlòmíràn.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí," ó ní. "Èmi ṣì máa rí ìdánwò mẹ́rin kí n tó pé ogójì. Àǹtí ò ní rí ìkankan mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ." Ó wá yíjú sí i: "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lọ kùnà, Àǹtí, mo máa gun yín bí ẹṣin."

"Gun ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́," ó dáhùn, ó nawọ́ sí Fọ́máànù.

Ó gun ọkọ̀. Ó tún búrèkì tẹ̀ níṣojú olùdánwò, fíìsì, fíìsì, bọ́tìnnì fò, sípíríngì sì mú, gbì! Àga mì pẹ̀lú olùdánwò lórí rẹ̀. Ó fi ẹ́ńjìnnì kún táǹkì padà, ó ti bọ́tìnnì wọlé, ọkọ̀ sì yọ kúrò lẹ́nu géètì bí ọ̀bẹ tó yọ nínú àkọ̀. Ọdún mọ́kànlá! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí táyà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa tẹ ọ̀dà títì. Èmi sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n ní mi ò lè sáré bá ọkọ̀ ńlá. Mo sáré bá a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ga. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń jáde, wọ́n ń sọdá. Mo rí ọwọ́ olùdánwò tó gbé sókè ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: dúró níbí. Ó dúró. Ọwọ́ náà tún yí: fa bọ́tìnnì, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrèkì. Ó fà á. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà, gbì! Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí ọkùnrin náà rí wọn. Ọkọ̀ ńlá náà kọ ojú sísàlẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì sún, kò tilẹ̀ mí. Olùdánwò sọ̀ kalẹ̀, ó yí i po, ó fi bàtà ta táyà kọ̀ọ̀kan. Ó lọ dúró níwájú ọkọ̀ gan-an, lójú imú rẹ̀, ó kó ọwọ́ sápò, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èèyàn kì í dúró síwájú ohun tí kò gbà gbọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn mọ́kànlá yí wọn ká. Olùdánwò ṣèlérí pé òun á jà fún wọn ní olú-iléeṣẹ́, ó sì jà lóòótọ́, oṣù kan gbáko ló gbà kí wọ́n tó jẹ́ kó padà wá. Mẹ́sàn-án nínú wọn yege, Ẹsẹ̀ Gígùn ló ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, olùdánwò tẹ́ ìwé àṣẹ kan ṣoṣo sórí imú ọkọ̀ tó ṣì gbóná, ó kọ nọ́ńbà, ó kọ déètì, ó dé ibi kan, ó dúró.

"Iṣẹ́ rẹ? Wọ́n kọ 'afọkọ̀' sí fọ́ọ̀mù rẹ níbí."

Eléti Ehoro la ẹnu, omijé ló jáde dípò ọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló fi nù ún, gírísì sì kún ojú.

"Awakọ̀!" àwọn ọkùnrin mọ́kànlá náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn tèmi ló sì ga jù.

Ó kọ ọ́. Obìnrin náà ka ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìwé, ó tún un kà, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu kí tàdáwà gbẹ, ó sì yíjú sí Fọ́máànù tó ti ń wá ọ̀nà gbé tapólì rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, aago mélòó ni ẹrù àkọ́kọ́ ń jáde lọ́la?"

Fọ́máànù wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wò ó.

"Mẹ́fà," ó ní. "Má pẹ́."